Bí òṣìṣẹ́ yín tó jẹ́ àgbà bá ti àìsàn dé, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ látilé ná kó tó padà sí ṣọ́ọ̀bù

Ẹnikẹ́ni tó bá ní iléeṣẹ́ kékeré tó ti lò tó ọdún mẹ́wàá ló ní ẹnì kan níbẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ń pè ní Màmá tàbí Bàbá. Òun kọ́ ni ọ̀gá, owó rẹ̀ kọ́ sì ni wọ́n fi dá iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló mọ oníbàárà tó máa ń sanwó lọ́jọ́ tó dá, òun náà ló sì mọ èyí tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n pè é nígbà mẹ́ta kó tó dáhùn. Òun ló mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìjọ kan nígbà tí wọ́n bá wọn tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi bá wọn dín in kù. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó mọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan, inú orí rẹ̀ ló wà.

Ọjọ́ tí àìsàn bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ni ọ̀gá máa ń mọ bí ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọjọ́ tó bá pè pé ara òun ti ń yá, òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ olókòwò mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan á ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó lọ sinmi, pé ó ti ṣiṣẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni wọ́n fi bò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún mọ̀ pé wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ọ̀nà kẹta wà, òun sì ni pé kí òṣìṣẹ́ náà máa ṣe lára iṣẹ́ rẹ̀ látilé fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, kó máa padà díẹ̀díẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi lè gba wàhálà ọ̀nà. Èyí kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ọgbọ́n láti ti àgbà sí kọ̀rọ̀. Afárá ni. Afárá gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó ní òpin, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà ló le, kì í ṣe iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àdúgbò náà ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ́ àwọn ará Èkó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pé akọ̀wé tó ń ṣírò iye tí iṣẹ́ máa jẹ́ ìyá ẹni ọdún 58, pé Ìkòròdú ló ń gbé, pé ó sì ti lo ọdún 17 níbẹ̀ kó tó di pé ó ṣubú nílé tí egungun itan rẹ̀ kán. Oṣù mẹ́ta ló lò nílé. Ní báyìí, ó ti ń fi ọ̀pá rìn.

Kí ni iṣẹ́ ìyá yìí gan-an? Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú 200, òun ló máa ṣírò bébà, pléètì, íǹkì àti owó àwọn tó máa dì í pọ̀, tí yóò sì sọ iye tó máa jẹ́. Bí wọ́n bá ti to ọ̀rọ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà, òun ló máa kà á, kó rí i pé orúkọ àwọn ọmọ olóògbé pé, pé àmì orí ọ̀rọ̀ kò ṣì, kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Òun ló ń kọ ínfọ́ìsì. Òun náà ló ń pe àwọn tó jẹ iléeṣẹ́ lówó. Orí ìjókòó ló ti ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tó nílò ẹsẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà. Kó tó dé Ṣómólú láti Ìkòròdú, ó gbọ́dọ̀ tètè jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kó dúró lórí ìlà, kó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Máìlì 12 kọjá, kó gba Kẹ́tu àti Ojótà, kó bọ́ sílẹ̀ ní Onípanu, kó sì tún wá ohun tí yóò gbé e wọ inú àdúgbò. Ọ̀nà kan náà ló ń dúró dè é nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò lè sáré tẹ̀lé dáńfó tí kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn.

Bí ọ̀gá bá ní dandan ni kó padà ní pẹrẹu, ó ṣeé ṣe kó wá lọ́sẹ̀ kìíní, kó wá lọ́sẹ̀ kejì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wú lọ́sẹ̀ kẹta, kó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àdánù ti di méjì nìyẹn. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Bó bá jẹ́ orí ìjókòó ni àgbà ti ń rí i, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ orí ìjókòó Ṣómólú nìkan.

Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́

Àwọn kan lè sọ pé àwọn bánkì ńláńlá àtàwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ni iṣẹ́ àtiléṣe wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14 nítorí àrùn Kòrónà, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Kó tó dìgbà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà láti ìpele kìíní dé ìkejìlá máa wà nílé láti ọjọ́ 23, oṣù Kẹta. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ olókòwò rí i pé WhatsApp lè gbé iṣẹ́ wọlé, pé fóònù lè gba owó lọ́wọ́ onígbèsè, àti pé ibi tí ẹ̀rọ wà nìkan ló ku kí ènìyàn dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo dé. Lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ lé ní ₦480 l'Ékòó, owó ọkọ̀ náà sì fò sókè. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta dípò márùn-ún. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe irú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ látilé lọ́jọ́ méjì tó kù. Nínú oṣù Kejì, ọdún 2024, ìjọba Èkó náà kéde àdínkù ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Bí ìjọba bá lè ṣe é nítorí owó ọkọ̀, olókòwò náà lè ṣe é nítorí egungun tó kán.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tó de ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn Labour Act, sọ ní abala 16 pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn ṣe, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún kan. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún. Àwọn máníjà àtàwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe bíi ti dókítà tàbí amòfin, ìwé àdéhùn wọn ni kí wọ́n lọ wò.

Ọjọ́ 12 kò tó nǹkan fún ẹni tí itan rẹ̀ kán. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá jọ fẹnu kò sí ló kù. Èyí gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ àtiléṣe wúlò fún tọ̀tún-tòsì. Kò ní di dandan kí òṣìṣẹ́ náà dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gbóyà kó tó tún rí owó, ọ̀gá náà kò sì ní máa sanwó fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Abala 7 òfin kan náà sọ pé bí àyípadà bá dé bá àdéhùn iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹnu lásán sọ pé kí Màmá máa ṣiṣẹ́ látilé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Kí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà “ẹ lọ sinmi” náà mọ̀ pé abala 11 ní kí wọ́n fún ẹni tó ti lò tó ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, nínú ìwé, kí wọ́n tó dá a dúró.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ti fara pa, ọ̀rọ̀ kan iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF. Òfin ọdún 2010 ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì tètè fi tó wọn létí bó bá ṣẹlẹ̀. Bí ìfarapa náà bá sì sọ òṣìṣẹ́ di aláàbọ̀ ara, òfin tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù Kìíní, ọdún 2019, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti yà á sọ́tọ̀ nítorí ipò rẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tó lè ṣe

Ìwé tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ fún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: kò lè ṣiṣẹ́, tàbí ó ti lè ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ara ènìyàn kì í yá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹní tan iná.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Láti ọdún 2010 ni ìwé dókítà wọn ti ní àyè fún ìdáhùn kẹta: pé ẹni yìí lè ṣiṣẹ́ bí àwọn nǹkan kan bá yí padà. Dókítà á wá tọ́ka sí i bóyá kí òṣìṣẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ ni, bóyá kí wọ́n yí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n yí iṣẹ́ tó ń ṣe padà, tàbí kí wọ́n tún ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe.

Òfin Nàìjíríà kò fi èyí ṣe dandan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí olókòwò Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta má béèrè irú rẹ̀. Ẹ fún òṣìṣẹ́ yín ní ìwé kékeré kan kó mú lọ bá dókítà rẹ̀, kí ẹ béèrè ohun mẹ́rin níbẹ̀. Wákàtí mélòó ló lè fi jókòó ṣiṣẹ́ lójúmọ́? Ìgbà wo ló lè máa wọ ọkọ̀ èrò? Kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá? Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má ṣe béèrè orúkọ àìsàn rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá fẹ́ sọ. Ohun tó kan iléeṣẹ́ ni ohun tó lè ṣe.

Ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọ̀gá wo orúkọ iṣẹ́, kó ní kò ṣeé ṣe látilé. Kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ ni kí ẹ wò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè sílẹ̀, kí ẹ wá pín in sọ́nà mẹ́ta.

Èkíní ni ohun tó ṣeé ṣe látilé láìsí wàhálà. Ní ti ìyá onítẹ̀wé yìí, ṣíṣírò owó iṣẹ́, kíka ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kíkọ ínfọ́ìsì àti pípe onígbèsè wà níbẹ̀. Èkejì ni ohun tó ṣeé ṣe bí ẹnì kan bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ràn án lọ́wọ́, bíi kí ọmọ iṣẹ́ ka bébà tó kù nínú sítọ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí òun sì sọ èyí tí wọ́n máa rà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ tó ń gé bébà, gbígbé ẹrù lọ fún oníbàárà, àti owó kéékèèké tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́. Ẹ gbé ẹ̀kẹta yìí fún ẹlòmíràn fún ìgbà náà, kí ẹ sì sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, kí ìkùnsínú má baà wọlé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà

Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè tó fún irú ẹni tí à ń wí yìí, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ kìíní àti ìkejì, kó ṣe wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè, látilé. Lọ́sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kó di wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, látilé bákan náà. Lọ́sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan péré. Kó dé ní agogo mẹ́wàá tí ọ̀nà ti fúyẹ́, kó sì kúrò ní agogo méjì kí èrò tó pọ̀. Lọ́sẹ̀ keje àti ìkẹjọ, kó di ọjọ́ méjì.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí ẹ jókòó. Ohun mẹ́ta ló lè jáde níbẹ̀: kó padà pátápátá, kó máa pín ọjọ́ iṣẹ́ sáàárín ilé àti ṣọ́ọ̀bù títí lọ, tàbí kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún un kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọjọ́ ìjókòó náà ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àtiléṣe tí kò ní ọjọ́ àyẹ̀wò ló máa ń yí padà di ìgbàgbé, tí òṣìṣẹ́ á wà nílé tí kò ní mọ̀ bóyá òun ṣì ní iṣẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ owó náà ti yanjú kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Bí wákàtí bá dín kù tí owó náà yóò dín kù, ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́. Ohun tó ń ba ọkàn àgbà jẹ́ ni kó dé òpin oṣù kó tó rí i pé wọ́n ti gé owó òun. Bí iléeṣẹ́ yín bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rántí pé owó ìfẹ̀yìntì kò dúró nítorí pé òṣìṣẹ́ wà nílé. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá 8, ó kéré tán.

Ta ni yóò san owó dátà?

Agbanisíṣẹ́ ni kó san án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ṣírò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦3,000 ni ìyá náà ń ná lójúmọ́ láti lọ àti láti bọ̀. Bó bá wá lọ́jọ́ 20 lóṣù, ₦60,000 nìyẹn, ẹ sì rántí pé ₦70,000 ni owó-oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló ń wá lọ́sẹ̀, ₦24,000 ni yóò ná. ₦36,000 ló dúró sílẹ̀ lóṣù. Bí iléeṣẹ́ bá ń fún un lówó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe yára gbà á padà. Ẹ jẹ́ kó fi ra dátà, káàdì ìpè àti iná.

Ọ̀rọ̀ iná ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tó wà ní Band A, tí wọ́n ní kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló gbójú lé. Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí iná ilé rẹ̀ ṣe rí. Nígbà mìíràn, fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa àti báńkì iná kékeré tó ń gba agbára oòrùn ló máa ṣe é láǹfààní jù. Ẹ tún béèrè ìjókòó rẹ̀. Àga oníke tí kò ní ìtìlẹ́yìn kò yẹ ẹni tí egungun itan rẹ̀ kán.

Àgbà lè lo fóònù

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ó ti dàgbà, kò lè kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ní ọmọ ní London tàbí Houston ló ń rí ojú ọmọ-ọmọ wọn lórí fóònù lójoojúmọ́. Ohun tí àgbà nílò ni kí wọ́n fi sùúrù kọ́ ọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì sọ lẹ́tà ojú fóònù di ńlá. Bí títẹ ọ̀rọ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó máa fi ohùn ránṣẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ fi ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan ti àgbà yìí. Ọ̀dọ́ á bójú tó ohun tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, àgbà á máa ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ kan fi gbọ́dọ̀ wọ́n ju òmíràn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, lára ohun tó wà nínú orí Màmá á ti bọ́ sínú ìwé àti sínú orí ẹlòmíràn. Èrè yìí nìkan tó owó dátà.

Bí ọ̀gá bá kéré sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ kékeré ni kò tíì pé ogójì ọdún, tí òṣìṣẹ́ wọn sì tó ìyá wọn bí. Ẹnu máa ń wúwo fún wọn láti béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà tí kò sí lójú wọn. Àwọn kan á dákẹ́ títí iṣẹ́ á fi bàjẹ́. Àwọn kan á máa pè é ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí ẹni ń ṣọ́ olè. Méjèèjì kò dáa.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ jọ dá àsìkò ìpè méjì: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan kí iṣẹ́ tó parí. Láàárọ̀, ẹ lè sọ pé: “Ẹ káàárọ̀ mà, ara yín ńkọ́? Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lónìí, èwo lẹ rò pé ó yẹ ká fi ṣíwájú?” Nírọ̀lẹ́, ẹ béèrè ibi tí ó dé dúró. Ohun tó parí ni kí ẹ kà, ẹ má ka wákàtí. Lẹ́yìn ìpè ìrọ̀lẹ́, kí fóònù iṣẹ́ dákẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́fẹ kò gbọ́dọ̀ máa gba ìpè oníbàárà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Àṣírí oníbàárà àti owó iléeṣẹ́

Bí iṣẹ́ bá wọnú ilé, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà náà bá a wọlé. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fi sí ọrùn iléeṣẹ́ láti dáàbò bò wọ́n. Kí fóònù iṣẹ́ ní nọ́ńbà àṣírí, kó má jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ fi ń ṣe géèmù. Ní ti owó bánkì, kí ẹnì kan má ṣe dá fi owó ránṣẹ́. Kí Màmá kọ ọ́, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ẹ kìlọ̀ fún un pé kò sí òṣìṣẹ́ bánkì tòótọ́ tí yóò pè é béèrè nọ́ńbà àṣírí tó bá wọ orí fóònù, nítorí àgbàlagbà tó dá wà nílé ni àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn láti pè.

Ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé gbé wálé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń dáná oúnjẹ tà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é látilé. Fún irú wọn, iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ wá fún wọn fún ìgbà díẹ̀, bíi gbígba ìpè oníbàárà tàbí kíkọ́ ọmọ iṣẹ́. Àwọn ilé kan náà kò gba iṣẹ́, nítorí yàrá kan ni ènìyàn márùn-ún ń gbé. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti kan ìrántí tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, iṣẹ́ ìṣirò lè má bọ́ sí i mọ́. Nígbà náà, kí ìfẹ̀yìntì tó lọ́lá, tó ní ìwé, tó ní owó nínú, rọ́pò ẹ̀tàn.

Àìsàn nìkan kọ́ ló sì ń gbé àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá tó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun nílùú òyìnbó, opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, gbogbo wọn ló lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan gba orí afárá yìí kọjá.

Olókòwò tó bá ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé lónìí, kó má tíì wá ẹni tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kó mú bébà kan, kó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tó jẹ́ pé orí ìjókòó ló ti ń ṣe é. Bó bá rí i pé ìlà náà pọ̀, kó gbé fóònù, kó pe Màmá.